Ṣé Ó Yé Yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bíi tiwa, ẹ ò lè gbàgbé ìbéèrè yìí. Tíṣà á kọ ìṣirò sójú pátákó títí kò fi ní sí àyè mọ́, á gbọn eruku ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́, á wá kọjú sí wa: "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì á gbé e lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹgbẹ́ akọrin: "Ó yé wa, sà!" Kò yé wa. Tíṣà mọ̀ pé kò yé wa. Àwa náà mọ̀ pé tíṣà mọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn wa ti ṣọ̀kan, ìyẹn ti tó láti ṣí ìwé sí ojú ewé tó kàn.

Irọ́ là ń pa. Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, a ò gbà pé àwa ọmọ la dá irọ́ náà sílẹ̀. Ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ kò fi ọ̀nà míì sílẹ̀ fún wa. Nínú ọmọ ọgọ́ta, ta ló fẹ́ dá nìkan dìde kó sọ pé kò yé òun? Bẹ́ ẹ bá sì láyà, tẹ́ ẹ dìde, ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e ni, "Kí ni kò yé ọ níbẹ̀?" Háà! Bí èèyàn bá ti lè sọ ohun tí kò yé e níbẹ̀, ṣebí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé e nìyẹn.

Àwa kì í ṣe tíṣà o. Ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà la kà ní yunifásítì, kóòdù là ń kọ jẹun, a sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sí ọdún méjì báyìí tí àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta ti ń kó àwọn ọmọdé kan jọ láàárọ̀ Sátidé nílùú Ìbàdàn, nínú kíláàsì kan tí wọ́n yá wa lò, tá a ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ pírógíráàmù. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mẹ́fà, ọmọ méjìlélógún, jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń kú nígbà tó bá wù ú. Lọ́jọ́ tá a bẹ̀rẹ̀, a ṣèlérí láàárín ara wa pé a ò ní ṣe bí àwọn tíṣà tó kọ́ wa ti ṣe. Kò pé oṣù méjì tá a fi ṣe é.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. A kọ ìlà mẹ́ta sójú pátákó:

x = 5
x = x + 1
print(x)

A ní, "Kí ni kọ̀ǹpútà máa gbé jáde?" Ká tó sọ̀rọ̀ tán, ọwọ́ ti kún òkè. "Mẹ́fà!" "Mẹ́fà, sà!" Inú wa dùn. Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Kò nawọ́. A pè é nítorí pé kò nawọ́; ẹ̀yin náà mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó wo pátákó, ó dákẹ́. A tún bi í. Ó ní, "Irọ́ ni, sà." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wa bá wọn rẹ́rìn-ín, a ò ní sọ ẹni tó jẹ́, torí gbogbo wa la jọ jẹ̀bi. A ní kó jókòó. A ní kí ẹlòmíì ràn án lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan níwájú ní mẹ́fà ni, a pàtẹ́wọ́ fún un, a sì tẹ̀ síwájú. Gbogbo ẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ọmọ náà wá lọ́sẹ̀ kejì, kò sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, kò wá mọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà lọ́kàn wa. A wà nídìí iṣẹ́ lóru ọjọ́ kan ni ọ̀kan nínú wa ṣàdédé ní, "Ọmọ yẹn kúkú jàre." Kí ni wọ́n ti kọ́ ọ nílé ìwé nípa àmì =? Pé ohun tó wà lápá òsì àti ohun tó wà lápá ọ̀tún dọ́gba. Nọ́ńbà wo ló wá wà láyé yìí tá a máa fi ení kún, tó ṣì máa dọ́gba pẹ̀lú ara rẹ̀? Kò sí. Bá a bá fi ojú ìṣirò wo ìlà kejì tá a kọ sójú pátákó yẹn, irọ́ gbáà ni. Nínú gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀, òun nìkan ló ka ohun tá a kọ. Àwọn tó pariwo mẹ́fà kàn rí 5, wọ́n rí 1, wọ́n rí àmì àròpọ̀ láàárín ni.

Kì í sì í ṣe òun nìkan lọ̀rọ̀ yìí dà láàmú rí. FORTRAN, èdè kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ IBM gbé jáde lọ́dún 1957, lo = láti fi sọ fún ẹ̀rọ pé kó gbé nǹkan kan sínú àpótí kan. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó ṣe ALGOL 60 máa ṣe tiwọn, := ni wọ́n lò fún iṣẹ́ yẹn, wọ́n sì fi = sílẹ̀ fún ìdọ́gba. Niklaus Wirth náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Pascal lọ́dún 1970. Ohun tí àwọn àgbà iṣẹ́ wa jókòó ṣàṣàrò lé lórí ni ọmọ kékeré kan rí láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní Ìbàdàn, láìsí ẹni tó sọ fún un. Àwa tá a gba dìgírì lórí ẹ̀ wá fi rẹ́rìn-ín.

Kí wá ni àṣìṣe wa gan-an? Ẹlòmíì á ní ẹ̀rín yẹn ni. Ẹ̀rín yẹn burú, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bá ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, a ti ṣàṣìṣe kí ọmọ yẹn tó dìde. Ìbéèrè wa kì í ṣe ìbéèrè. A ti mọ ìdáhùn, ìró "mẹ́fà" nìkan ni etí wa ń retí, kò sì sí àyè fún ìró míì.

Ẹ wò ó, àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Gbogbo wa la gbọ́ òwe yìí dàgbà. Ta ni abéèrè ọ̀nà? Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ni. Lọ́jà, ẹni tí kò mọ iye tí wọ́n ń ta gàrí ló ń béèrè pé èló ni. Ní gáréèjì, ẹni tí kò mọ ọkọ̀ Òṣogbo ló ń béèrè ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Àìmọ̀ ló ń bí ìbéèrè. Ibi mélòó kan péré ni ẹni tó ti mọ ìdáhùn ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì: kóòtù, àgọ́ ọlọ́pàá, àti kíláàsì. Ẹ wo ẹgbẹ́ tí kíláàsì bọ́ sí! Ẹni tó mọ ọ̀nà ló dúró sí oríta, ó di pàṣán mú, ó ń bi àlejò pé, "Ọ̀nà dà?" Àwa tí wọ́n bi ní ìṣirò orí-ahọ́n láàárọ̀ kùtùkùtù, tí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ń na ọwọ́ fún ẹgba, a mọ ohun tá à ń sọ. Títí dòní, bí ọ̀gá níbi iṣẹ́ bá ṣàdédé bi wá léèrè nǹkan, ọwọ́ ló kọ́kọ́ máa ń rìn wá ṣìnṣìn kí ọpọlọ tó dé ibẹ̀.

Èdè wa kò tiẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rú wa lójú. Ó ní béèrè, ó ní dán wò, ó ní wádìí. Ẹni tó ń béèrè fẹ́ mọ̀. Ẹni tó ń dán èèyàn wò ti mọ̀, bí agbára ẹni náà ṣe tó ló fẹ́ rí. Ẹni tó ń wádìí ń wá ìdí ọ̀rọ̀, ó ń lọ sísàlẹ̀ níbi tí nǹkan ti wá. Ohun tá à ń ṣe ní kíláàsì látàárọ̀ dọ̀sán, dídán wò ni, a kàn ń pè é ní ìbéèrè ni.

Ṣé tíṣà wá lè béèrè ní tòótọ́, nígbà tó jẹ́ pé òun ló mọ ìwé? A gbà pé ó lè ṣe é, torí ohun kan wà tí tíṣà kò mọ̀, tí kò sì lè mọ̀ láé àfi bí ọmọ bá sọ fún un: ohun tó ń lọ nínú orí ọmọ yẹn. Iye tí x jẹ́, tíṣà mọ̀ ọ́n. Ohun tí x jẹ́ lójú ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò mọ̀ ọ́n. Nínú ilé yẹn, ọmọ ni onílé, tíṣà ni àlejò. Bí tíṣà bá wá béèrè pé, "Kí lo rí tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?" tàbí, "Lójú tìẹ, kí ni ìlà kejì yìí ń sọ?" òun náà ti di abéèrè ọ̀nà.

Ohun tó bí wa nínú sí ara wa ni pé ojoojúmọ́ là ń ṣe é nídìí iṣẹ́. Bí pírógíráàmù bá gbé ìdáhùn tí kò tọ́ jáde, a kì í ní kó jókòó ká wá pe ẹlòmíì. A ó wọ inú ẹ̀ lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, a ó wo ohun tó wà nínú àpótí yìí àti àpótí yẹn, torí a mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe nǹkan láìnídìí. Ohun tó ní lọ́wọ́ àti ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń lò. Ìdáhùn tí kò tọ́ yẹn ni ẹ̀rí tá a máa tọ̀ dé ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Sùúrù tá a ní fún ẹ̀rọ, a ò ní in fún ọmọ èèyàn.

Kódà, a ní in fún pẹ́pẹ́yẹ. Ìwé kan wà tó gbajúmọ̀ láàárín àwa tá à ń kọ kóòdù, The Pragmatic Programmer, tí Andrew Hunt àti David Thomas kọ lọ́dún 1999. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà ti di mímọ̀: bí kóòdù yín bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ gbé pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà kan sórí tábìlì, kẹ́ ẹ máa ṣàlàyé kóòdù náà fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò ní tíì dé ìdajì tẹ́ ẹ máa fi rí àṣìṣe náà fúnra yín. Ó ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ kò gbọ́n ju tíṣà lọ. Kì í já lu ọ̀rọ̀ ni, kì í wo aago, kì í ní kí ẹlòmíì ràn yín lọ́wọ́, kì í sì í béèrè pé ṣé ó yé yín.

Obìnrin ọmọ Amẹ́ríkà kan, Mary Budd Rowe, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi tẹ́tí sí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń wọ̀n: bí tíṣà bá béèrè nǹkan tán, ó ń tó ìgbà wo kó tó tún lanu? Bí ìṣẹ́jú àáyá 1 ni. Ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo! Lẹ́yìn ìyẹn, tíṣà á tún ìbéèrè náà sọ, tàbí á pe ẹlòmíì, tàbí á dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn tíṣà láti dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3 ó kéré tán, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ fúnra wọn sì ń béèrè ìbéèrè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní àwọn ọdún 1970 ló tẹ àbọ̀ iṣẹ́ yìí jáde. Ibi tó dùn wá jù níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí tíṣà kà sí olódo gan-an ni tíṣà kì í dúró dè tó àwọn tó kà sí ọlọ́pọlọ pípé. Ẹni tó nílò àkókò jù la fún ní àkókò tó kéré jù.

A fi fóònù gba ohùn tiwa náà sílẹ̀ ní Sátidé kan. A ò ní sọ iye tá a bá níbẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn pọ̀ jù fún wa.

Nígbà tá a wà lọ́mọdé, eré kan wà tá a máa ń ṣe lálẹ́. A ó kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn gbàgbàgbà, a ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ kí onílé tó dé ẹnu ọ̀nà. Tíṣà tó béèrè tí kò dúró, eré yẹn ló ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá rò pé ó rọrùn láti dúró, ẹ dán an wò lónìí: ẹ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan, kẹ́ ẹ máa kà á sínú, ení, èjì, ẹ̀ta. Á ṣe yín bíi pé ilé ń jó.

Àwọn tó bá fẹ́ yin ìbéèrè sábà máa ń sáré lọ bá Socrates ní Gíríìsì àtijọ́. Nínú ìwé Plato tó ń jẹ́ Meno, Socrates pe ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ẹrú nílé Meno, ó ya onígun mẹ́rin tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 sílẹ̀, ó ní kó wá èyí tó fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Ọmọ náà ní kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di 4. Wọ́n ṣírò rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ di 16 dípò 8. Ó ní kó di 3. Ó di 9. Nígbẹ̀yìn, ó ní òun ò mọ̀. Ibẹ̀ ni Socrates ti mú un dé orí ìlà tó dábùú láti igun kan sí igun tó kọjú sí i. Bá a bá ka ìwé náà dáadáa, ọ̀pọ̀ ìdáhùn ọmọ yẹn kò ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Ó yé wa, sà! Síbẹ̀, a kan sáárá sí Socrates níbì kan: ó jẹ́ kí 4 rìn dé òpin ara rẹ̀, ó jẹ́ kí 3 náà rìn dé òpin. Orí àṣìṣe ọmọ náà ló gbà dé ìdáhùn. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò bi í ni bóyá ó tiẹ̀ wù ú láti wá ṣe ìṣirò lọ́jọ́ yẹn. Ẹrú ni, wọ́n pè é, ó wá. Bí Socrates bá sì fẹ́ ṣàlàyé ìtumọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà, Meno ló ń ṣàlàyé rẹ̀ fún.

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti wá ń dà wá láàmú. A ní ìbéèrè gidi dára ju dídán wò lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi tún ń wọni lára jù ú lọ. Ọmọ tó bá pariwo "ó yé wa" ti rí abẹ́ ariwo sá pamọ́ sí. Ọmọ tá a bi pé "Kí lo rò?" kò ríbi sá sí. Inú orí rẹ̀ la ní kó tú síta, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lè máa fi pè é lórúkọ títí tó fi máa jáde ìwé. Ẹ̀tọ́ wo la ní? A ti jiyàn lórí èyí títí di òru. Ọ̀kan nínú wa ní tíṣà kò ní ẹ̀tọ́ kankan níbẹ̀ ju èyí tí ọmọ bá yọ̀ǹda fún un lọ. Ìkejì ní àsọdùn nìyẹn, pé ọmọ tá a bá fi sílẹ̀ kó dákẹ́ á dákẹ́ dàgbà, ohun tí wọ́n á sì máa fi rẹ́ ẹ jẹ láyé náà nìyẹn. Ìkẹta lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Ibi tá a fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni ọ̀rọ̀ gbèsè. Ẹni tó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ ti jẹ ọmọ yẹn ní gbèsè. Ó jẹ ẹ́ ní ìdúró. Ó jẹ ẹ́ ní ààbò, pé bí ìdáhùn bá wọ́, ẹnikẹ́ni ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́, "mi ò tíì mọ̀" náà sì jẹ́ ìdáhùn. Èyí tó wá ṣòro jù ni pé ohun tí tíṣà bá gbọ́ gbọ́dọ̀ lè yí ohun tó fẹ́ ṣe tẹ̀ lé e padà. Lọ́jọ́ tá à ń wí yìí, kò sí ohun tí ọmọ yẹn lè sọ tí kò ní gbẹ̀yìn sí mẹ́fà. A ti kọ ìlà tó kàn sínú ìwé wa. Bí ìdáhùn ọmọ kò bá lè yí nǹkan kan padà, kí ló dé tá a fi ní kó dìde?

A mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ méjìlélógún lẹ lè máa sọ báyìí; tíṣà tó ní ọmọ ọgọ́rin nínú kíláàsì kan, tí ọ̀gá ilé ìwé sì ń béèrè pé ibo ló kà á dé, ńkọ́? Òótọ́ ni, a ò sì ní fi ẹnu lásán yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Eric Mazur ṣe, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Harvard, tí kíláàsì tiẹ̀ náà kún. Ní nǹkan bí ọdún 1990 ló ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba máàkì tó dáa lórí ìṣirò tó le kò lè dáhùn ìbéèrè kéékèèké nípa ohun tó ń mú kí nǹkan rìn tàbí kó dúró. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀kọ́ dúró láàárín. Á gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn mélòó kan, oníkálukú á yan tirẹ̀ láìsọ̀rọ̀, wọ́n á wá kọjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á jọ fa ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á sì tún un yàn. Ọdún 1997 ló kọ ìwé lórí ẹ̀, Peer Instruction. Èyí kò nílò iná mànàmáná. Ègé bébà tí wọ́n kọ A, B, D, E sí ti tó.

A ti gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ìlà mẹ́ta yẹn fún àwọn ọmọ tuntun. A ni 5, B ni 6, D ni pé kọ̀ǹpútà máa kọ̀ ọ́, E ni "irọ́ ni." Ọmọ yẹn la kọ E fún. Ọmọ mẹ́rin gbé E sókè, ẹ̀rín kankan ò sì sọ, torí gbogbo ọwọ́ lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ló ń wá ẹni tó máa bá jà sí tirẹ̀. Ariwo tó sọ níbẹ̀, ọlọ́jà ò lè pa á. Ọmọbìnrin kan tó gbé B sókè ní kí ẹni tó gbé E ṣàlàyé fún òun, ló bá di pé òun náà ń yọ bébà rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

A ò sọ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú dídán ọmọ wò o. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ṣe ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006: wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka nǹkan, apá kan tún un kà, apá kejì gbìyànjú láti rántí rẹ̀ láìwo ìwé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó gbìyànjú láti rántí ló rántí jù. Ìsọdipúpọ̀ tí wọ́n fi ń yọ wá lẹ́nu ṣì wà lórí wa dòní, a sì ń jẹ àǹfààní ẹ̀. Ká ṣáà máa mọ èyí tá à ń ṣe, ká má dán ọmọ wò ká wá máa ṣe bí ẹni tó ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Bá a bá béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni iye x, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo là ń rí gbà. Bá a bá ní, "Kí ló kù nínú àpótí yẹn báyìí, báwo ló sì ṣe débẹ̀?" gbólóhùn là ń gbọ́, àti ìtàn pẹ̀lú. Ọmọ tá a bi ní èdè tí kò gbọ́ dáadáa, ìbéèrè méjì la bi í. Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti rí èyí tipẹ́. Lọ́dún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, kò sì ṣàkóbá fún Gẹ̀ẹ́sì wọn.

Ẹ tiẹ̀ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà, "ó yé mi." Kì í ṣe èmi ni mò ń ṣe nǹkan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń ṣiṣẹ́, èmi ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lára. Bí kò bá wá yé mi, gírámà Yorùbá kò dá mi lẹ́bi: ohun tí wọ́n sọ ni kò tíì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó yẹ kí tíṣà tó gbọ́ "kò yé mi" padà lọ wo ohun tó sọ. Kíláàsì ló kọ́ wa láti gbọ́ ọ bí ẹni tí ọmọ fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn.

Lóṣù tó kọjá, fóònù ọ̀kan nínú wa bàjẹ́, a gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé la bá níbẹ̀. Ó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀gá rẹ̀ gba fóònù náà lọ́wọ́ wa, kò tiẹ̀ wò ó, ó nà án sí ọmọ náà: "Kí lo rí?" Ọmọ náà yí i síwá sẹ́yìn, ó ki okùn iná bọ̀ ọ́, ó dúró. Ọ̀gá ti yíjú sí oníbàárà míì. Nígbà tó yá, ọmọ náà ní, "Ó ń gbaná, ṣùgbọ́n kò ṣí." Ọ̀gá ní, "Kí ló lè fà á?" ó sì tún ń ba iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

A bi ọmọ náà pé, lọ́jọ́ tó o ní irọ́ ni yẹn, kí lo rí? Ojú kọ́kọ́ tì í. A dúró. Ó ní, "X ò lè ju ara ẹ̀ lọ, sà." A sọ fún un pé òótọ́ ló sọ, pé àwa la ṣàṣìṣe, ó sì dùn wá. Kò dáhùn sí ìyẹn. Ó ní, "Ṣé kò wá sí àmì míì tí wọ́n lè lò ni?" A gba bírò, a kọ := sẹ́yìn rìsíìtì fún un, a sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn náà rí i nígbà yẹn."

A ní kó padà wá sí kíláàsì. Ó ní Sátidé lòun ń wá síbí. Ọ̀gá rẹ̀ pè é, ó ki rìsíìtì náà bọ àpò, ó padà sídìí fóònù.